Lẹ́tà sí Àdùkẹ́, ní báǹkì ẹ̀jẹ̀

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ A, B, AB àti O kò ní dà ọ́ láàmú. Orúkọ ni kí o bẹ̀rù. Ẹ̀jẹ̀ tí kò bára mu sábà máa ń dé ara aláìsàn nítorí pé wọ́n ṣì í mú fún ẹlòmíì.

Ilé kọ́ ọ pé a kì í pe àgbà lórúkọ. Ní wọ́ọ̀dù, fi ìyẹn sílẹ̀ díẹ̀. Bí o bá ní, "Ṣé ẹ̀yin ni Ìyá Ṣadé?", ẹni tí ara ń ni á kàn ní "ẹ̀n". Ìyá Ṣadé mélòó ló wà níbẹ̀? Kúnlẹ̀ bó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lorúkọ yín lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́? Ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín?" Kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí o sì fi wé nọ́mbà káàdì rẹ̀. Bó bá jẹ́ Táíwò àti Kẹ́hìndé ló jọ dùbúlẹ̀, nọ́mbà yẹn ni yóò yọ ọ́, torí ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni kí o ti kọ orúkọ sára ìgò, lẹ́yìn tí o bá fa ẹ̀jẹ̀ tán. Má kọ ọ́ sára ìgò òfìfo sílẹ̀ láé.

Fíríìjì ẹ̀jẹ̀ pupa kò gbọdọ̀ kọjá 2 sí 6 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nínú àpò olómi CPDA-1 (omi tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì), ọjọ́ 35 ló ń lò. Bó bá di yìnyín, àwọn sẹ́ẹ̀lì á bẹ́. Bí iná bá lọ (yóò kúkú lọ), má ṣílẹ̀kùn fíríìjì lásán. Ka òṣùwọ̀n, kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti jáde nínú fíríìjì, kó wọ ara aláìsàn láàárín ìṣẹ́jú 30, kó sì tán láàárín wákàtí 4. Má rì í sínú omi gbígbóná. Omi iyọ̀ 0.9% nìkan ló lè bá a gba okùn rọ́bà kan náà: dextrose (omi ṣúgà) ń bẹ́ sẹ́ẹ̀lì, kálísíọ̀mù inú Ringer's lactate (omi mìíràn tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára) sì lè mú un dì.

Rọra jẹ́ kó máa kán ní ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, má sì kúrò níbẹ̀. Bí òtútù bá mú aláìsàn, tí ẹ̀yìn ń dùn ún, tàbí tó ní ọkàn òun kò balẹ̀, dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró kíá. Pààrọ̀ okùn, fi omi iyọ̀ sí i, ké sí dókítà. Fa ẹ̀jẹ̀ tuntun lára rẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí lábù pẹ̀lú àpò àti okùn tí o yọ. Kì í ṣe inú ìdọ̀tí ni àpò yẹn ń lọ.

Èmi ni,
Màmá rẹ