Títóbi nìkan kọ́ ni ìlọsíwájú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ amúnáwá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí iná mànàmáná tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ pèsè, ó sì dùn mọ́ mi pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ráàyè nínú ìwé ìròyìn wa. Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ibi tí òǹkọ̀wé yín ti pe àwọn ẹ̀rọ tó wà ní Lambar Rimi, ní ìpínlẹ̀ Katsina, ní ohun ìṣeré ọmọdé, nítorí pé wọ́n kéré sí èyí tí àwọn òyìnbó ń rì mọ́ inú òkun lónìí.

Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ náà ti tóbi sí i. Nígbà tí àwọn ará Dẹ́nmárkì kọ́kọ́ gbé e sínú òkun ní Vindeby lọ́dún 1991, mọ́kànlá ni wọ́n tò síbẹ̀, agbára gbogbo wọn lápapọ̀ kò sì pé mẹ́gáwáàtì 5 (ẹgbẹ̀rún kílówáàtì ni mẹ́gáwáàtì kan). Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Haliade-X, tí wọ́n nà ró ní Rotterdam, ní Nẹ́dálándì, lọ́dún 2019, lágbára mẹ́gáwáàtì 12, ìyẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn apá tí afẹ́fẹ́ ń yí, sì gùn tó mítà 107, èyí tó ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Kì í ṣe àṣehàn ni wọ́n ń ṣe. Bí gígùn ìyẹ́ bá di ìlọ́po méjì, àyè tó fi ń gba afẹ́fẹ́ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí eré afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ bá sì di ìlọ́po méjì, agbára inú rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá afẹ́fẹ́ líle lọ sójú agbami, tí ẹ̀rọ márùn-ún sì ti ń léfòó lórí omi ní ibùdó tí wọ́n ń pè ní Hywind, nítòsí Peterhead ní Skọ́tlándì, láti ọdún 2017.

Àmọ́ títóbi náà ní wàhálà tirẹ̀, òun gan-an ni àwọn onímọ̀ sì ń bá yí báyìí. Ṣóńṣó ìyẹ́ ẹ̀rọ ńlá lè sáré ju kìlómítà 300 lọ ní wákàtí kan, débi pé ẹ̀kán òjò lásán tó bá pàdé rẹ̀ ń jẹ ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi rí gbágungbàgun, tí kò ní lè gba afẹ́fẹ́ dáadáa mọ́. (Òjò tí a ń sá fún nítorí aṣọ wa!) Àwọn olùwádìí ní Risø, ní Dẹ́nmárkì, ti dábàá pé kí ẹ̀rọ máa dẹ eré rẹ̀ nígbà tí òjò ńlá bá ń rọ̀, kí ìyẹ́ lè pẹ́. Ti ìyẹ́ tó ti gbó tún wà níbẹ̀: fáíbà àti àtè líle tí wọ́n fi mọ ọ́n kì í yà bọ̀rọ̀, inú ilẹ̀ ni wọ́n sì ń sin ọ̀pọ̀ rẹ̀ sí ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2022, wọ́n lo ìyẹ́ tí ásíìdì tí kò le lè tú àtè rẹ̀ ní ibùdó ẹ̀rọ Kaskasi, lójú òkun Jámánì. Lójú tèmi, iṣẹ́ yẹn níyì ju mítà mẹ́wàá mìíràn tí ẹnikẹ́ni lè fi kún ìyẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Katsina. Ẹ̀rọ 37 ló wà níbẹ̀, kílówáàtì 275 ni agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilé iṣẹ́ Vergnet ti ilẹ̀ Faransé ló sì ṣe wọ́n. Ìyẹ́ méjì péré ni wọ́n ní, dípò mẹ́ta. Òpó wọn tẹ́ẹ́rẹ́, wáyà líle ló sì dì í mú láti ìhà gbogbo. Bí àtúnṣe bá dé, wọ́n lè rọra tẹ òpó náà wálẹ̀ títí orí rẹ̀ yóò fi dé ilẹ̀, kí àwọn oníṣẹ́ sì tú u wò lórí ìdúró, láìwá kírénì gíga kankan. Níbi tí irú kírénì bẹ́ẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n, ọgbọ́n gidi nìyẹn. Bí iṣẹ́ àgbékalẹ̀ wọn ṣe falẹ̀, kì í ṣe kíkéré ẹ̀rọ ló fà á. Lára ohun tó dá a dúró ni bí àwọn agbébọn ṣe jí ẹnjinnía ọmọ ilẹ̀ Faransé kan gbé ní Rimi, ní oṣù Kejìlá ọdún 2012.

Ní Kẹ́nyà pẹ̀lú, létí adágún Turkana, ẹ̀rọ 365 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju kílówáàtì 850 lọ ló para pọ̀ di mẹ́gáwáàtì 310. Wọ́n ti tò wọ́n tán lọ́dún 2017, ṣùgbọ́n ó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 kí wáyà tí yóò gbé iná wọn lọ sáàárín ìlú tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Mo rọ̀ yín, Olóòtú, kí ẹ rán akọ̀ròyìn kan lọ sí Lambar Rimi, kí ó ka iye ẹ̀rọ tó ń yí níbẹ̀, kí ó sì bi àwọn oníṣẹ́ léèrè ìgbà tí wọ́n tẹ òpó kan wálẹ̀ kẹ́yìn fún àtúnṣe.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan, Ìbàdàn.