Àwọn Tó Kú Nínú Ìwé Yẹn Ńkọ́?

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka àwọn lẹ́tà tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí àwọn ìwé ìtàn àròsọ tó dá lórí òṣèlú àtàwọn agbésùnmọ̀mí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á kí n tó mú bíró. Ẹnì kan ní kí wọ́n má tà á fọ́mọdé mọ́ torí ó ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ ibi, ẹlòmíì ní ó tì o, pé ohun tó ń jẹ́ kó dùn gan-an ni pé ẹni tó kọ ọ́ mọ ìdí iṣẹ́ náà, bí wọ́n ṣe ń to ìbọn, bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwé ìrìnnà, bí ọlọ́pàá ṣe ń tọpa èèyàn. Mo gbọ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bèèrè àwọn tí wọ́n pa nínú àwọn ìwé yẹn, ohun tó gbé mi dìde nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n mú èyí tí ọ̀pọ̀ wa ti kà, The Day of the Jackal tí Frederick Forsyth kọ, tó jáde lọ́dún 1971. Hósítẹ́ẹ̀lì ni mo ti kọ́kọ́ kà á, ẹ̀dà kan ṣoṣo tí èèpo iwájú ẹ̀ ti já, à ń gbà á lọ́wọ́ ara wa, ẹni tó bá kàn á fi tọ́ọ̀ṣì kà á lábẹ́ aṣọ ìbora. Forsyth yìí kì í ṣe àjèjì sí wa o, akọ̀ròyìn ni, ó wà ní Biafra nígbà ogun, ó tiẹ̀ ti kọ̀wé lórí ogun yẹn kó tó kọ èyí. Ìtàn ọ̀hún ni pé àwọn OAS, àwọn ará Faransé tínú ń bí torí pé de Gaulle, ààrẹ wọn, fi Algeria tí wọ́n ń ṣàkóso sílẹ̀, lọ háyà òyìnbó kan láti London, tí wọ́n ń pè ní Jackal, pé kó wá bá wọn pa ààrẹ ọ̀hún. Wọ́n kúkú yìnbọn sí ọkọ̀ ẹ̀ lóòótọ́ lọ́dún 1962, kò kú, ilé ẹ̀ ló kú sí lọ́dún 1970. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀ ká tó ṣíwèé, síbẹ̀ ọkàn wa ò balẹ̀, ká sì sòótọ́, ẹ̀yìn apànìyàn yẹn la wà. Ó pa ẹni tó bá a ṣe ayédèrú ìwé, ó ti òkú ẹ̀ mọ́ àpótí, ó pa obìnrin tó gbà á sílé, àwa ń sọ pé kò sọ́gbọ́n tó lè dá sí i mọ́, àṣírí á tú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà yẹn. Mo pa ìwé dé, mo lọ jẹun.

Nígbà tí Forsyth kú ní June 2025 mo wá ìwé yẹn jáde, mo tún un kà, mo wá dé ibì kan tí mi ò lè kọjá. Apànìyàn yẹn fẹ́ gba ìwé ìrìnnà lórúkọ ẹlòmíì, ó wá ń ti itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì kan dé òmíì, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sórí sàréè, ó ń wá ọmọkùnrin tó kú ní kékeré, tí ìbá jẹ́ ẹgbẹ́ ẹ̀ ká ní ó wà láyé. Ó rí ọ̀kan, ọmọ ọdún méjì àbọ̀. Ó kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Níléèwé, ibi tó dùn mọ́ wa jù nìyẹn. Ẹni tó sọ pé ìwé yìí ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ ibi ò sì parọ́ níbẹ̀, torí ọgbọ́n yẹn ṣiṣẹ́ lóòótọ́ nílùú ọba, ó sì pẹ́ gan-an lẹ́yìn ìwé náà kí ìjọba wọn tó dí i. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí màámi ni mo rántí. Wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi kan tó kú kí wọ́n tó bí mi, òun náà ò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ ẹ̀, àwọn àgbà ló gbé e lọ, màámi ò sì mọ ibẹ̀ títí wọ́n fi lọ. Ọjọ́ tí à ń pín ẹrù wọn la bá fìlà ẹ̀ nísàlẹ̀ àpótí, fìlà búlúù kékeré, rọ́bà etí ẹ̀ ti gbẹ, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e. Ó ti lé lógójì ọdún. Kí ẹnì kan wá dé, kó fi orúkọ ọmọ yẹn gbàwé tó máa fi lọ pààyàn! Mo gbé ìwé yẹn sílẹ̀, ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó padà sí i.

Kò sì mọ sínú ìwé. Lọ́dún 1975 wọ́n rí ẹ̀dà ìwé yìí kan nínú ilé kan ní London tí Carlos, agbésùnmọ̀mí ọmọ Venezuela yẹn, kó ẹrù ẹ̀ sí, làwọn oníwèé ìròyìn bá sọ ọ́ ní Jackal, bẹ́ẹ̀ ìwé yẹn kì í tiẹ̀ ṣe tiẹ̀. December ọdún yẹn náà ló kó àwọn èèyàn ẹ̀ lọ ká àwọn mínísítà OPEC, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ta epo rọ̀bì, mọ́ ní Vienna, wọ́n sì pa èèyàn mẹ́ta, ọlọ́pàá Austria kan, ẹ̀ṣọ́ ọmọ Iraq kan, òṣìṣẹ́ ọmọ Libya kan. Títí wọ́n fi mú un ní Sudan lọ́dún 1994 Jackal ni wọ́n ń pè é. Ta ló mọ orúkọ àwọn mẹ́ta yẹn?

Tàbí ká mú ti Nairobi ní Kenya, August 7, 1998, tí wọ́n ju bọ́ǹbù sí ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà. Tí irú ẹ̀ bá bọ́ sínú ìtàn àròsọ, ojú ìwé àkọ́kọ́ ni bọ́ǹbù á ti dún, kó tó di ojú ìwé kẹta ọlọ́pàá inú Amẹ́ríkà kan á ti wọ bàálù, ó di ọ̀rọ̀ ẹni tó ń lé èèyàn. Èèyàn 213 ló kú ní Nairobi, méjìlá péré ni ọmọ Amẹ́ríkà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ló fọ́ lójú torí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ariwo kékeré nísàlẹ̀, wọ́n dìde lórí àga ọ́fíìsì lọ sójú wíńdò pé kí ló ń ṣẹlẹ̀, ìgbà yẹn ni bọ́ǹbù gan-an dún, gíláàsì sì bá wọn lójú. Obìnrin kan wà lábẹ́ ilé tó wó, àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ń gbóhùn ẹ̀, wọ́n ń dá a lóhùn, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ó ti kú. Nínú gbogbo ìwé yìí tí mo ti kà láti kékeré, mi ò tíì rí èyí tó jókòó ti irú obìnrin yẹn fún odindi orí kan.

Kíkà yìí ti mọ́ wa lára débi pé bá a ṣe ń ka ìwé la ṣe ń gbọ́ ìròyìn. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n pa ó kéré tán ogójì èèyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀, June 2022, mo dúró nídìí tábìlì oníwèé ìròyìn àdúgbò wa. Gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ ló ń jiyàn, ta ló rán wọn, ibo ni ìbọn ti wá, ṣé ti òṣèlú ni àbí àwọn ará òkè Ọya, bí ẹni tó ń méfò orí tó kẹ́yìn ìwé, èmi náà dá sí i. Màmá tó ń ta mọ́ínmọ́ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ kàn bèèrè pé, "Ọmọdé mélòó ló wà níbẹ̀?" Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìwé ìròyìn wà lọ́wọ́ wa o, a ò tíì wá a débẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín nìyí, ẹ̀yin Olóòtú. Ẹ ń ṣàlàyé ìwé tuntun ní ojú ewé yín lọ́jọ́ Sátidé. Tó bá ti jẹ́ irú ìwé yìí, ẹ ní kí ẹni tó ń ṣàlàyé ẹ̀ sọ fún wa àwọn tó kú níbẹ̀ àti ohun tí òǹkọ̀wé jẹ́ ká mọ̀ nípa wọn. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má kà á, èmi gan-an ra ọ̀kan ní Dùgbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Bíró ni mo fi ń sàmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá pa. Ẹni àkọ́kọ́, dẹ́rẹ́bà ni, gbólóhùn méjì ni wọ́n fi pa á, wọn ò fún un lórúkọ.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.