Etí Kánáàlì Tó Ọ̀nà Básíkù

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹnì kan kọ lẹ́tà sí yín pé téèyàn bá ti yọ Third Mainland Bridge láàárọ̀ Sunday kúrò, kò tún síbi téèyàn lè gun básíkù sí ní Èkó yìí tí ọkàn ẹ̀ á balẹ̀. Látìgbà tí mo ti kà á ni mo ti ń wá àyè fèsì, torí iṣẹ́ mi ni, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń tún básíkù tòkunbọ̀ ṣe ní Ṣómólú níbí, ṣọ́ọ̀bù mi sí kánáàlì ò sì ju ibi téèyàn lè sọ òkò dé lọ.

Òótọ́ lonítọ̀hún sọ tó bá jẹ́ ti títì. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, danfó kan fẹ̀gbẹ́ tì mí sínú gọ́tà lọ́dún tó kọjá, dírẹ́bà ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan, ó ń bá tiẹ̀ lọ ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mi ò fi lè fọwọ́ òsì di sípánà mú. Ṣùgbọ́n ṣé dandan ni ká gun básíkù lórí títì ni?

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé irú básíkù kan fáwọn tí ò mọ̀ ọ́n. Gravel ni wọ́n ń pè é. Tí wọ́n bá já a sílẹ̀ látinú kọ̀ntínà, ẹni tí ò mọ̀ á rò pé ti ìje ni, torí ọwọ́ ẹ̀ ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò, àfi tẹ́ ẹ bá wo táyà. Táyà ti ìje sábà máa ń jẹ́ mílímítà 25 sí 28, ti gravel máa ń tó 40, òmíì dé 50, ó sì ní eyín kéékèèké tó fi ń di ilẹ̀ mú. Ọ̀nà tí wọn ò da ọ̀dà sí ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é, ọ̀nà yangí, ọ̀nà inú igbó, etí odò. Ibi táwọn bọ́kanáísà wa ti ń bà á jẹ́ ni afẹ́fẹ́, wọ́n á fún un títí á fi le gbagidi bíi táyà mọ́tò, bẹ́ẹ̀ gravel ò fẹ́ ju bíi 35 sí 40 lọ lórí géèjì, tẹ́ ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ ó gbọ́dọ̀ wọlé díẹ̀, kó lè máa gba òkúta mọ́ra dípò kó máa ta yín sókè lórí ìjókòó.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ torí mo ti gùn ún lókè òkun. Lọ́dún 2019 mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Reading, ní England. Kánáàlì kan ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Kennet and Avon lorúkọ ẹ̀, ó gùn tó kìlómítà 140, ó lọ já sí Bristol, etí omi náà lọ́nà tóóró kan wà. Ẹṣin ló ni ọ̀nà yẹn láyé àtijọ́. Nígbà tí wọ́n parí kánáàlì ọ̀hún lọ́dún 1810, wọ́n á so okùn mọ́ ẹṣin, ẹṣin á máa rìn létí omi, á máa fa ọkọ̀ tó kẹ́rù lọ. Ẹṣin ti lọ, ọ̀nà kù. Èmi àti ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fi ọjọ́ méjì gun básíkù lórí ẹ̀ títí dé Bath, mi ò sì ní purọ́ fún yín, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló dáa, àwọn ibì kan jẹ́ koríko àti ẹrẹ̀ lásán, òjò pa wá lọ́jọ́ kìíní, ẹrẹ̀ funfun bí ẹfun lẹ̀ mọ́ ṣéènì mi, gbogbo ẹsẹ̀ tí mo bá fi wà á ni mò ń gbọ́ ọ tó ń lọ kẹ̀rẹ́kẹ̀rẹ́.

A yà wọ igbó kan tó ń jẹ́ Savernake. Igi oak kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Big Belly Oak, igi oníkùn ńlá, wọ́n ní ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún, ikùn ẹ̀ sì tóbi lóòótọ́, wọ́n fi irin dè é lámùrè kó má baà ya. Inú igbó yẹn tutù, ewé gbígbẹ ń dún lábẹ́ táyà, n kò gbọ́ hóònù mọ́tò kankan fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo wá rántí pé ó ti pẹ́ tí mo ti gun básíkù tí mi ò bojú wẹ̀yìn. Nígbà tá a dé Devizes, mo rí i bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń gun òkè: ilẹ̀kùn omi 29 ló wà níbẹ̀, 16 nínú ẹ̀ tò tẹ̀ léra bí àtẹ̀gùn, ọkọ̀ á wọlé, wọ́n á tilẹ̀kùn, omi á kún, á gbé e sókè, ó di inú èkejì. Ọkùnrin kan tó ti tó bàbá mi ń fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn igi ńlá yẹn, a sọ básíkù sílẹ̀ a bá a tì í.

Ohun tó wá mú mi lọ́kàn jù ni ìtàn tí àna mi sọ fún mi. Ilé iṣẹ́ rélùwéè ló ra kánáàlì yẹn lọ́dún 1852, wọn ò kà á sí mọ́, nígbà tó máa fi di bíi 1950 ó ti bà jẹ́, apá ibì kan ti gbẹ, igi ti ń hù nínú ẹ̀. Àwọn aráàlú ló kó ṣọ́bìrì, wọ́n ń gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, títí Ọbabìnrin Elizabeth fi wá ṣí i padà lọ́dún 1990. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ṣí Third Mainland Bridge tiwa.

Ẹ wá wo kánáàlì wa. Àlàfo wà létí ẹ̀, ìjọba ló ní kí wọ́n fi sílẹ̀ kí katapílà lè ráyè kó ẹrẹ̀ jáde, gbogbo wa la sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i: wọ́n á wá wó ṣọ́ọ̀bù tó wà níbẹ̀, wọ́n á kó lọ, oṣù mẹ́ta ò ní pé tí páànù á tún ti dúró, tí wọ́n á tún máa da ọ̀rá àti ìdọ̀tí sómi, tójò bá wá rọ̀ omi ò ríbi gbà, ó wọlé wa. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rìn lórí ẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ dààtàn. Tó bá jẹ́ ọ̀nà tí ọmọ ń gbà lọ sílé ìwé, tí ìyá ẹlẹ́ja ń gbà lọ sọ́jà, tí àwa ń gun básíkù lórí ẹ̀ láràárọ̀, ojú á wà níbẹ̀. Katapílà náà á ṣì máa kọjá, kò sẹ́ni tó máa dí i lọ́nà.

Kò gba owó títì. Yangí ni kí wọ́n dà síbẹ̀, kí wọ́n fi stone dust lé e, kí rólà tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí àárín ẹ̀ ga díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ kómi má dúró sí i, torí yangí tómi bá dúró lé lórí máa di àmọ̀ tó ń yọ̀ bí ọṣẹ ni, mo ti ṣubú lórí irú ẹ̀ lọ́nà Ìmọ̀ta tí èmi àtàwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń lọ gùn ní Sátidé. (Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn, ẹ bá mi sọ fún un kó wá bá wa lọ, apá Ìkòròdù yẹn, ọ̀nà oko abẹ́ ọ̀pẹ, ó máa gbádùn ẹ̀.) Kí wọ́n ri òpó kéékèèké sí ẹnu ọ̀nà méjèèjì kí ọ̀kadà má lè wọ̀ ọ́. Ẹlẹ́sẹ̀ ló ni ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ náà ni òfin wọn lọ́hùn-ún, ẹni tó ń gun básíkù á lu aago, á dẹ́sẹ̀ dúró, á kíni, kó tó kọjá. Kíkíni kọ́ ló máa wá nira fún Yorùbá.

Àwọn kan á ní òórùn ń kọ́, olè ń kọ́. Òórùn ń bẹ, ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ. Ti olè, ibi tí ò sẹ́ni tó ń kọjá ni wọ́n ń lúgọ sí. Àti pé látìgbà tí wọ́n ti fòfin de ọ̀kadà lọ́dọ̀ wa ní 2022, àwọn tó ń wá ra básíkù lọ́wọ́ mi kì í ṣe àwọn tó fẹ́ ṣeré ìdárayá nìkan mọ́, télọ̀ ń rà á, ọmọ kọ́léèjì ń rà á, mo sì máa ń ronú tí wọ́n bá ti wà á jáde sí títì.

Ibi kékeré ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, ẹ̀gbẹ́ kánáàlì kan ṣoṣo, kí káńsù wa fi dán an wò láti afárá kan dé èkejì. Tẹ́ ẹ bá lè rán akọ̀ròyìn yín wá, kó wá ní Sátidé, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ kí oòrùn tó mú, mo máa gbé gravel méjì sílẹ̀, afẹ́fẹ́ 40, mo máa mú un gba ibi tó ṣeé gbà, ibi tí ìdọ̀tí bá ti dí ọ̀nà a ó sọ̀ kalẹ̀ ká gbé e léjìká.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá oníbásíkù, Ṣómólú