Ẹ̀sùn Lórí Láìfù-Jákẹ́ẹ̀tì Ọmọdé Tí Ẹ Tà fún Wa

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ Ohun Èlò Ojú Omi,
Èkó.

Alàgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì ọmọdé 4 tí a rà lọ́wọ́ yín, aṣọ tó yẹ kó mú ọmọ léfòó bó bá já sómi, ₦18,500 ẹyọ kan, ₦74,000 lápapọ̀, kò ṣeé gbé wọ ọmọ. A fẹ́ kí ẹ dá owó wa padà, kí ẹ sì kó ìyókù kúrò lórí àtẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìdí rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ọmọ ni.

Kí a tó sanwó la ti sọ fún ọmọọṣẹ́ yín pé ọkọ̀ ìgbòkun la fẹ́ fi kó ìdílé wa láti Ẹ̀pẹ́, gba ojú ọ̀sà Lẹ́kí, lọ sí Ìwópin, pé kì í ṣe ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Ó ní ọ̀kan náà ni. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Bí ọmọ bá já sómi látinú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, awakọ̀ á dẹ iná, á yí po, kò ní pẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ ìgbòkun kò lè kọjú sí afẹ́fẹ́ gbọnrangandan. Tí a bá ń ti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìwópin, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti àárín gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ló ń ti ọkọ̀ lẹ́yìn. Ọmọ tó bá já bọ́, ọ̀nà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ló kù sí. A ó tú okùn, a ó sọ ìgbòkun kalẹ̀, a ó ká a kó má baà bo àwọn tó kù mọ́lẹ̀, kí a tó mú àjẹ̀, kí a wá máa wa ọkọ̀ lòdì sí afẹ́fẹ́ àti ìgbì. Ní gbogbo àsìkò yẹn, jákẹ́ẹ̀tì nìkan ni ọmọ ní. Ọ̀sà Lẹ́kí kò jìn púpọ̀, ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò tó mítà 3, ṣùgbọ́n mítà kan àtààbọ̀ ti bo ọmọ ọdún 8 mọ́lẹ̀.

Ibi tí omi mu àgbàlagbà dé ìbàdí, létí èbúté Ẹ̀pẹ́, la ti dán wọn wò kí a tó ta ìgbòkun. Bó ṣe yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń kó ọmọ sọ́kọ̀ máa ṣe nìyẹn: ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì fún ọmọ, ẹ di gbogbo ìdè rẹ̀, ẹ mú un ní èjìká méjèèjì, ẹ fà á sókè. Bó bá kọjá àgbọ̀n tàbí tó kan etí, kò bá ọmọ náà mu. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ fẹ̀yìn lé omi, kí àgbàlagbà dúró tì í. Tiyín gòkè dé ojú. Ọmọ ọdún 8 tó wọ èyí tó tóbi jù ló kọ́kọ́ sọ ọ́: “Màámi, búlúù nìkan ni mò ń rí.” Apá rẹ̀ méjèèjì ti nà sókè, ẹnu rẹ̀ ti wọ inú ọrùn jákẹ́ẹ̀tì, okùn iwájú wá fún un lábẹ́ àgbọ̀n.

Ohun tó fà á kò ṣòro. Ara ọmọdé rí gbọọrọ, kò ní ìbàdí tó lè dá aṣọ dúró, orí rẹ̀ sì wúwo tí a bá fi wé ara tó gbé e. Bó bá ti bọ́ sómi, fóòmù á máa lọ sókè, ara á máa lọ sísàlẹ̀. Bẹ́líìtì tó gba àárín itan méjèèjì kọjá ló ń dá a dúró, kò sì sí i lára ẹyọ kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí a pè yín, wọ́n ní ká fún un le sí i. Tí a bá fún àyà ọmọ le, èémí á há mọ́ ọn láyà, jákẹ́ẹ̀tì á sì tún gòkè. Wọ́n tún ní bóyá ọmọ ló ń bẹ̀rù omi. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá gan-an. Ọmọ náà kò bẹ̀rù, ohun tó rí ló sọ.

Ojú ọmọ sì wúlò nínú ọkọ̀ ìgbòkun. Ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú lẹ́yìn kò lè rí apá ibi tí ìgbòkun ṣí sí, aṣọ ti dí i lójú. Ọmọ tó jókòó nílẹ̀ níwájú, tí ojú rẹ̀ bá etí ọkọ̀ dọ́gba, ló ń rí abẹ́ ìgbòkun: igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀, ike tí wọ́n so mọ́ àwọ̀n, koríko orí omi tó ń wọ́ bọ̀. Òun ló ń ké pé “Igi wà lọ́tùn-ún!” kí ọkọ̀ tó kọlù ú. Jákẹ́ẹ̀tì yín gùn jù fún ìjókòó. Bí ọmọ bá ti jókòó, itan á tì í sókè, a jẹ́ pé kó tó dé inú omi gan-an ló ti bo ojú ọmọ.

A wá tú ọ̀kan wò. Fóòmù tìmùtìmù la bá nínú rẹ̀, wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀. Fóòmù tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni èyí tí ihò inú rẹ̀ dí pa, tí omi kò lè ráyè wọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n yàtọ̀, kó tẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, kó fún un, kó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ru jáde nínú fóòmù, tó sì wúwo nígbà tí a gbé e jáde, omi ló ń mu yẹn. Àkọlé yín sọ pé ó lè gbé newton 50, ìyẹn bíi kílò 5. A so irin kílò 3 mọ́ ọ̀kan tí a kò tú, a gbé e sínú dúrọ́ọ̀mù omi ní ìrọ̀lẹ́. Ó léfòó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti wà nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù. Bàtà onírọ́bà tó ti gbó, tí àwọn apẹja ń gé so mọ́ àwọ̀n wọn, kì í mu omi bẹ́ẹ̀.

Àkọlé yẹn kò tún sọ ìwọ̀n ọmọ tí jákẹ́ẹ̀tì wà fún. “Ọmọdé” nìkan ni ẹ kọ. Kílò ni wọ́n fi ń yan jákẹ́ẹ̀tì ọmọ, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ọmọ kílò 14 àti ọmọ kílò 30 kò lè wọ ẹyọ kan náà.

Fóòmù iwájú àti ti ẹ̀yìn dọ́gba, kò sì sí ìrọ̀rí lẹ́yìn ọrùn. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣàdédé yí ìgbòkun sí apá kejì, igi ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè gbá ọmọ lórí bọ́ sómi, kó má mọ ibi tó wà mọ́. Fóòmù tó pọ̀ níwájú ju ẹ̀yìn lọ ló ń yí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kọjú sókè. Àwọ̀ búlúù yín kò hàn lórí omi, pupa, yẹ́lò tàbí àwọ̀ ọsàn ló ń hàn. Ẹnu okùn yín kò ní ìṣẹ́po, ó ń yọ́ jáde nínú ìdè, èyí tó gùn sì ń fì lásán. Omi ọ̀sà Lẹ́kí kò níyọ̀ púpọ̀, torí náà koríko orí omi ń gbilẹ̀ níbẹ̀, okùn tó ń fì á sì lọ́ mọ́ gbòǹgbò rẹ̀. Fèrè tó wà nínú àwòrán ara páálí, a kò bá a nínú ẹyọ kankan.

Ìrìn-àjò náà kò ṣeé ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ̀ wà lórí omi, afẹ́fẹ́ dára, a kó àwọn ọmọ padà sílé.

Ẹ dá ₦74,000 wa padà láàárín ọjọ́ 14. Ẹ pe àwọn tó ti ra irú rẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má wọ̀ ọ́ fún ọmọ mọ́. Èyí ló jẹ wá lógún ju owó lọ, torí ẹni tí kò bá dán an wò létí omi kò ní mọ̀. Bí a kò bá gbúròó yín, a ó gbé ẹ̀sùn yìí lọ sọ́dọ̀ àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà, a ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí NIWA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà ojú omi abẹ́lé.

Jákẹ́ẹ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tí a tú pẹ̀lú, wà nílé pẹ̀lú rìsíìtì. Ẹ rán ẹni wá kó wọn, kí ẹ má sì tún wọn tà fún ẹlòmíràn.

Tiyín ní tòótọ́,
Bàbá àti ìyá àwọn ọmọ.