Ẹ san owó ọ̀kadà fún obìnrin tó ń wọn apá ọmọ wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí fún ọdún 31 kí n tó fẹ̀yìn tì, ìyá ọkọ sì ni mí. Mo mẹ́nu ba ti ìyá ọkọ nítorí pé àwa ni wọ́n máa ń bá wí lórí rédíò bí ọ̀rọ̀ bá ti kan fífún ọmọ lọ́yàn nìkan fún oṣù mẹ́fà. Wọn ò parọ́ mọ́ wa. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo rọ lómi, tí mo sì rọ lágbo. Nígbà tí ìyàwó ọmọ mi bímọ lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, ìkókó ò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan láyé tí mo ti gbé ife omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wọ yàrá tọ̀ wọ́n.

Obìnrin kan ni kò jẹ́ kí n rọ ọ́, kò sì bá mi jà. Òṣìṣẹ́ ìlera tó máa ń ti agboolé dé agboolé ládùúgbò wa ni. Nọ́ọ̀sì la ń pè é, bí òun fúnra rẹ̀ tilẹ̀ máa ń ní òun kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Mo ní òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, ṣé kò rí bí ọyẹ́ ṣe ń mú ni? Ó ní, "Màmá, mo gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́la, ẹ bá mi ka iye ìgbà tó bá tọ̀. Bó bá tó ẹ̀ẹ̀mẹfà, omi inú ọyàn ń tó o nìyẹn." Ó bá tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, bọ́mọ bá ti tọ̀, màá ju hóró ẹ̀pà kan sínú abọ́. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, hóró mẹ́jọ ni mo kà. Mo jẹ ẹ̀pà mi, mo gbé ife kúrò ńlẹ̀.

Olóòtú, pátákó ẹ̀gbẹ́ títì kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ló ń mu ọyàn nìkan, àti pé nínú 100 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ni kò ga tó ọjọ́ orí wọn. Dókítà wo ló máa wọ yàrá wá bá ìyá ọkọ tó gbé ife lọ́wọ́?

Ẹ wá wo ojú tí a fi ń wo obìnrin yìí. ₦800 ni ọ̀kadà ń gbà lọ sí abúlé tó jìn jù lábẹ́ rẹ̀, ₦800 ni àbọ̀, àpò ara rẹ̀ ló ti ń yọ ọ́. Owó kékeré tí wọ́n ṣèlérí fún un, ó ti tó oṣù márùn-ún tó ti rí i gbẹ̀yìn. Mo gba téèpù tó fi ń wọn apá ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ wò. Pupa, ìyeyè àti àwọ̀ ewé ló yẹ kó wà lára rẹ̀. Bí apá ọmọ tó ti lé lóṣù mẹ́fà kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5 yíká, orí pupa ló bọ́ sí, àìjẹunrekánú ti fẹ́ pa á nìyẹn. Láti ibẹ̀ dé 12.5, ìyeyè ni, kí wọ́n tètè wá nǹkan ṣe sí i. Téèpù ọwọ́ rẹ̀ ti ṣá débi pé èèyàn ò mọ pupa yàtọ̀ sí ìyeyè mọ́. Bírò ló fi fa ìlà síbi 11.5. Bírò!

Ó rí ọmọ kan tó bọ́ sórí pupa lóṣù méjì sẹ́yìn, ó ní kí ìyá rẹ̀ máa gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìyá pọn ọmọ débẹ̀, wọ́n ní ẹ̀pà lílọ inú ọ̀rá tí wọ́n fi ń tọ́jú irú wọn ti tán. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì padà lọ kí wọn, wọn ò ṣílẹ̀kùn. Òun ni wọ́n mọ̀, òun ni wọ́n sì bínú sí.

Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà la wà o! Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, láàárín ọdún 1950 sí 1960, ni Dókítà David Morley ti ọsibítù Wesley Guild n'Iléṣà ti dá ilé ìwòsàn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀. Wọ́n ń wọn ọmọ níbẹ̀, wọ́n ń fa ìlà ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì, ìyá rẹ̀ ló sì ń mú káàdì lọ sílé. Káàdì ọ̀hún tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àwa tó ti ọ̀dọ̀ wa jáde ló wá ń fi bírò fa ìlà sára téèpù.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò sówó. Òfin ìlera ọdún 2014 ní kí wọ́n máa yọ ó kéré tán náírà 1 nínú 100 náírà lápò ìjọba àpapọ̀ fún ìtọ́jú ìlera alábọ́dé. Mi ò ní kí wọ́n kọ́lé tuntun. Kí owó ọ̀kadà máa dé lóṣooṣù, kí àwọ̀ téèpù hàn kedere, kí ẹ̀pà inú ọ̀rá sì ti wà ńlẹ̀ kí wọ́n tó rán ọmọ wá.

Ọmọ-ọmọ mi á pé oṣù mẹ́fà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì ní òun á wá kọ́ wa bí a ṣe ń po ẹ̀wà lílọ àti edé mọ́ ògì, ó tún ní ká máa fún un lẹ́yin, pé ẹyin kì í sọ ọmọ dolè. (Ti ẹyin yẹn ṣì wà láàárín àwa méjèèjì.) Mo ti fi ₦1,600 sábẹ́ àwo dè é. Agboolé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lé ní 40.

Èmi ni,
Ìyá àgbà kan,
Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.