Ẹ̀sùn lórí ìrìnàjò wa sí Las Vegas: tábìlì tẹ́tẹ́ 10 dọ́là la bẹ̀ yín, ti 25 lẹ kó wa lọ

Ìtòkú,
Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ 24, Oṣù Òkúdù, 2024.

Sí Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ onírìnàjò,
Òkè-Ìlèwó, Abẹ́òkúta.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni ìyá aládìrẹ tó wá sí ọ́fíìsì yín pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ lóṣù Ẹrẹ̀nà, tí a san ₦1,850,000 fún òru mẹ́ta ní Las Vegas lẹ́yìn tí a bá kí ọmọ mi ní Houston tán. Mo ti tẹ̀ yín láago lẹ́ẹ̀mẹrin láti ìgbà tí a ti padà dé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ fún mi: "Màmá, tẹ́tẹ́ ni, ó lè jẹ èèyàn." Ìdáhùn yẹn ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí, nítorí ohun tí mo wá fi sùn kọ́ nìyẹn.

Òótọ́ ni pé mo pàdánù 180 dọ́là lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tí a débẹ̀. Mi ò bi yín ní kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e kalẹ̀, mo sì ti yà á sọ́tọ̀ kí n tó kúrò nílé. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo sọ ọjà tí mo fẹ́ rà fún yín, ẹ gba owó rẹ̀, ẹ wá gbé òmíràn lé mi lọ́wọ́.

Ọmọkùnrin tó wà nídìí tábìlì àkọ́kọ́ bí èèyàn bá wọlé ló kọ ọ́ sílẹ̀. Mo sọ fún un pé èmi àti àbúrò mi fẹ́ràn blackjack, tẹ́tẹ́ káàdì tí èèyàn ti ń wá 21 láì kọjá rẹ̀. Ọmọ mi ló kọ́ wa lórí fóònù, lẹ́yìn náà a ra káàdì gidi, a sì ń ta á nínú ṣọ́ọ̀bù nígbàkúgbà tí òjò bá lé oníbàárà lọ sílé. Ọmọ ayò la fi ń ṣe owó. Àbúrò mi ti mọ̀ ọ́n débi pé bí àpapọ̀ káàdì ọwọ́ rẹ̀ bá jẹ́ 16, tí 10 sì wà níwájú ẹni tó ń pín káàdì, kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gba káàdì sí i. Bí éèsì (káàdì A) méjì bá bọ́ sí i lọ́wọ́, kíá ló ti pín wọn sọ́tọ̀. Mo ní kí ẹ wá ibi tí owó tó kéré jù tí èèyàn lè fi ta lórí tábìlì ò ti ní ju 10 dọ́là lọ fún wa, tí wọ́n ń san 3 sí 2 (dọ́là mẹ́ta lórí méjì tí èèyàn fi ta, bí éèsì àti ọba tàbí káàdì mìíràn tó jẹ́ 10 bá kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́), tí kò sí ariwo, tí èèyàn lè béèrè ọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé àwọn tó jókòó tì í ń pòṣé. Mo ní kó bọ́ sáàárín ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, nítorí òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń gbówó lé tábìlì. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá." Ó tún fi ₦120,000 kún owó wa fún ẹni tí yóò pàdé wa níbẹ̀, tí yóò sì mú wa mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú kasínò. Ẹ̀dà ìwé tó kọ àti rìsíìtì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Ọjọ́ Jímọ̀ sí ọjọ́ Ajé lẹ wá fi wá sí. Àárín Strip gan-an, òpópónà tí àwọn kasínò ńláńlá wà, ni òtẹ́ẹ̀lì náà wà. A dúró de ẹni tó yẹ kó pàdé wa fún wákàtí kan àbọ̀, a ò rí i, a ò sì rí i títí a fi kúrò níbẹ̀. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo ń ka pátákó kékeré tó wà lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan: 25, 25, 50, 25, 100. Orin ń dún débi pé àbúrò mi ní láti pariwo sí mi létí.

A jókòó sí ti 25, nítorí a ti ti ọ̀nà jíjìn dé. Mo na 200 dọ́là sí obìnrin tó ń pín káàdì. Kò gbà á. Ó mirí, ó sì nawọ́ sí orí aṣọ tábìlì. Mi ò mọ̀ pé wọn kì í gba owó lọ́wọ́ èèyàn, pé orí tábìlì ni wọ́n ń gbé e lé kí kámẹ́rà lè rí i. Mo mú káàdì mi sókè kí n lè wò ó dáadáa, wọ́n tún jágbe mọ́ mi. Èèyàn kì í fọwọ́ kan káàdì tí wọ́n bá ti ṣí síta: ìka la fi ń kan tábìlì bí a bá ń fẹ́ sí i, a ó sì ju ọwọ́ bó bá tó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lápá òsì mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí gan-an. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni, òun sì ni mo san ₦120,000 lé lórí pé kí wọ́n sọ fún mi.

Ìgbà tí éèsì àti ọba bọ́ sí àbúrò mi lọ́wọ́ ni mo tó wo ohun tí wọ́n kọ sára aṣọ náà gàdàgbà: 6 sí 5. Dípò 37.50 dọ́là, 30 ni wọ́n kà fún un. Ọlọ́jà ni mí, ẹ̀yin Ọ̀gá, mo mọ ìṣirò. Níbi tí wọ́n bá ti ń san 3 sí 2, tí òfin tó kù sì dára, bí èèyàn bá ta á bó ṣe yẹ, ohun tí ilé tẹ́tẹ́ ń jẹ lórí 100 dọ́là kò ju nǹkan bí 50 sẹ́ǹtì lọ. 6 sí 5 nìkan ń fi nǹkan bí dọ́là kan àti 40 sẹ́ǹtì lé e. Bí wọ́n bá pín káàdì ní ìgbà 60 ní wákàtí kan lórí tábìlì 25 dọ́là, 1,500 dọ́là ló ti kọjá níwájú ẹni, nǹkan bíi 28 dọ́là ni ilé ń retí níbẹ̀. Lórí èyí tí mo bẹ̀ yín fún, dọ́là mẹ́ta ni. Ìyàtọ̀ yẹn ni ìgbádùn tí mo wá rà.

Bí oníbàárà bá wá bá mi ní Ìtòkú, tó ní adìrẹ ẹlẹ́kọ lòun ń fẹ́, èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ ya lẹ́kọ láfún kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, tí mo wá di aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ fún un, kí ni wọn ó pè mí lọ́jà? N ò gbọdọ̀ sọ fún un pé aṣọ ṣáà ni aṣọ.

Ohun tí mo bẹ̀ yín fún wà níbẹ̀. Obìnrin tó ń tún yàrá wa ṣe ló sọ fún wa láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú pé ká wọ Deuce, bọ́ọ̀sì alájà méjì, lọ sí òpópónà Fremont. Àdúgbò àtijọ́ ni. El Cortez, ilé tẹ́tẹ́ kan, ti wà níbẹ̀ láti 1941. Nínú ilé tẹ́tẹ́ kan lágbègbè yẹn, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, a rí tábìlì 10 dọ́là, 3 sí 2, èèyàn méjì péré ló wà nídìí rẹ̀. Bàbá kan tí irun rẹ̀ ti funfun ló ń pín káàdì. Ó béèrè ibi tí a ti wá àti irú aṣọ tó wà lọ́rùn wa. Bí mo bá ń ronú, ó ń dúró. Éèsì ṣí níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo fẹ́ ra insurance, owó àfikún tí èèyàn ń fi ta pé 10 ló wà lábẹ́ éèsì náà, ìyá kan tó jókòó tì mí rọra ní kí n tọ́jú owó mi. Wákàtí méjì àbọ̀ la lò níbẹ̀, ó sì dà bí ìdí ọpọ́n ayò nírọ̀lẹ́. Mo dìde pẹ̀lú àdánù 20 dọ́là, inú mi sì dùn dọ́ba. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ òfuurufú wa.

Ohun tí mo ń béèrè rèé. Ẹ dá ₦120,000 ti ẹni tí kò yọjú padà. Ẹ dá 135 dọ́là tí òtẹ́ẹ̀lì gbà lọ́wọ́ wa padà, 45 lórí òru kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní resort fee, tí ẹnikẹ́ni ò mẹ́nu bà ní Òkè-Ìlèwó. Ẹ san ìdajì owó òtẹ́ẹ̀lì fún wa, nítorí kì í ṣe ibi tí a ní kẹ́ ẹ fi wá sí nìyẹn, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí a mú. Mo sì ń bẹ̀ yín tọkàntọkàn pé ẹni tó bá tún wá bá yín lórí irú ìrìnàjò yìí, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún un, kó tó sanwó: iye tí tábìlì ń gbà lọ́jọ́ tó ń lọ, àti bóyá 3 sí 2 ni tàbí 6 sí 5.

Mo fún yín ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, n óò kó gbogbo ìwé wọ̀nyí lọ bá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà. Ẹ lè rí mi ní ṣọ́ọ̀bù láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́ àfi ọjọ́ Àìkú.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú.