Igbó Ọ̀ṣun, ilé àwọn tó gbà wá lálejò: ìpè fún ìdáwó gbogbo ọmọ Òṣogbo

Ẹ̀yin ọmọ Òròkí, ọmọ onílé obì, ọmọ Yèyé Ọ̀ṣun, ọmọ ìlú aró, mo kí yín o. Mo kí ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà ní Èkó, ní Kánò, ní Gánà, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọ̀wọ́n ọjà, ẹ kú ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Olúwa yóò máa bá wa fẹ̀rọ̀ sí i. Ìpàdé wa tó kọjá ló ní kí n kọ ìwé yìí ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ Igbó Ọ̀ṣun kì í ṣe ohun tí a lè sọ tán lórí ìdúró.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn àgbà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí Òṣogbo tó di ìlú ènìyàn, ìlú iwin ni. Ìtàn tí wọ́n sọ fún gbogbo wa ní kékeré ni pé òùngbẹ ló lé Ọláròóyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Ìpólé, tí Tìmẹ́hìn ọdẹ sì ṣíwájú wọn dé etí odò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi kí wọ́n lè rí ibi tẹ̀dó sí. Igi ńlá kan wó sínú omi, ohùn kan sì ké láti inú odò pé: "Oṣó igbó, ẹ pẹ̀lẹ́ o, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán!"

Ẹ fetí sí ohùn yẹn dáadáa. Ọ̀ṣun aláró ló ń sọ̀rọ̀. Ó ti to ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, àlejò tí kò kágò sì já wọ àgbàlá rẹ̀, ó ba ọjà rẹ̀ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ kò lé wọn. Ó ní kí wọ́n kúrò létí omi, kí wọ́n gòkè díẹ̀, kí wọ́n fi inú igbó sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín, kí wọ́n sì máa wá kí òun lọ́dọọdún. Òun náà yóò máa dáàbò bò wọ́n. Ọláròóyè kọ́ ààfin nínú igbó náà, ó tún kọ́ òmíràn, kí ìlú tó wá ṣí síta pátápátá. Ojú ibi tí ààfin méjèèjì wà ò tíì parẹ́ nínú igbó títí dòní.

Àdéhùn tó dá ìlú wa sílẹ̀ nìyẹn, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka ìyókù. Àlejò ni wá. Onílé fún wa ní ilẹ̀, ó fún wa ní omi, ohun tó bèèrè lọ́wọ́ wa kò ju pé ká má ba ilé òun jẹ́ lọ. Owó tí à ń bèèrè lónìí, owó àtúnṣe ilé onílé wa ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ mọ̀ pé igbó yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ rí. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, wọ́n ń gé igi níbẹ̀, wọ́n ń dọdẹ, wọ́n ń pa ẹja tí ẹnikẹ́ni kì í pa tẹ́lẹ̀, ojúbọ ń wó, ojú ilẹ̀ títà ni àwọn kan sì fi ń wò ó. Ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ló ní irú igbó bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Ilé àti oko ti bo èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí kò jẹ́ kí tiwa bá wọn lọ ni pé àwọn olórìṣà ìlú kò jáwọ́, obìnrin àjèjì kan sì fara jìn fún un. Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n bí ní Graz ní orílẹ̀-èdè Austria lọ́dún 1915, dé Nàìjíríà ní 1950. Ó di olórìṣà, ó fi Òṣogbo ṣe ilé, ibẹ̀ náà ló sì kú sí ní oṣù kìíní ọdún 2009. Àdùnní Olórìṣà ni àwa ń pè é. Ojúbọ etí odò tí ikán ti jẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ní kó bá wọn tún ṣe. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti fà á wọ inú igbó lọ.

Kò dá a ṣe. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ èyí, torí orúkọ òyìnbó nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbọ́. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kó tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ fún ọgbà sìmẹ́ǹtì oníhò. Buraimoh Gbadamosi gbẹ́ òkúta, Kàsálì Àkàngbé gbẹ́ igi. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ló fi sìmẹ́ǹtì, amọ̀ àti igi kọ́ ilé fún àwọn iwin tí àwọn baba wọn kàn ń fẹnu sọ ìtàn wọn.

Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ lónìí yóò fojú rí ìlú náà. Ẹnu ọ̀nà wà tó la ẹnu sílẹ̀ dè é. Ọgbà wà tí ènìyàn, ẹranko àti ẹ̀dá tí kò jọ èyíkéyìí nínú méjèèjì di ara wọn mú lára rẹ̀. Ìyá Mọ́pó wà níbẹ̀, tó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, ìkòkò mímọ àti aró rírẹ, tó na ọwọ́ rẹ̀ tó pọ̀ ju méjì lọ sókè láàárín igi. Ilédì, ilé ìpàdé àwọn Ògbóni, wà, òrùlé rẹ̀ gbé iwájú sókè lórí àwọn òpó gbígbẹ́. Nǹkan bí ogójì ojúbọ àti iṣẹ́ ọnà ló wà lórí ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 75. Irúfẹ́ ewéko tó lé ní 400 ló ń hù níbẹ̀, èyí tó lé ní 200 nínú wọn jẹ́ egbòogi. Ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ sọ ibẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, wọ́n fẹ ààlà rẹ̀ ní 1992 kó lè kárí gbogbo igbó náà, UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ibi méjì péré ló wà ní Nàìjíríà tó ní irú ipò yẹn. Sukur ní Adamawa ni ìkejì.

Ṣùgbọ́n amọ̀ ni amọ̀ ń jẹ́. Inú ọ̀pọ̀ àwọn ère náà jẹ́ amọ̀ tí wọ́n mọ yí irin ká, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n wá fi bò ó. Bí sìmẹ́ǹtì bá sán, bó ti wù kí ojú ibẹ̀ kéré tó, òjò á ráyè wọlé. Amọ̀ á mu omi, á wú, irin á dípẹtà, á ti sìmẹ́ǹtì jáde, apá tàbí ojú ère á já bọ́. Igi ńlá tún máa ń wó lù wọ́n nígbà ìjì, gbòǹgbò sì ń gbé ìdí ọgbà sókè. Ti igi gbígbẹ́ ló burú jù. Nígbà tí àwa aṣojú ẹgbẹ́ lọ síbẹ̀, mo fi àtàńpàkò tẹ ìdí òpó kan tí mo rò pé ó le koko. Àtàńpàkò mi wọlé. Ìyẹ̀fun ni ikán ti sọ gbogbo inú rẹ̀ dà, awọ tín-ín-rín ló kù lóde, bẹ́ẹ̀ ojú tí wọ́n gbẹ́ sókè òpó náà ṣì ń wò mí ràgàjì. Òpó yẹn ló gbé òrùlé dúró. Bí òrùlé bá wó, ère tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní í la òjò ọdún kan kọjá.

Ọ̀rọ̀ odò náà tún wà níbẹ̀. Láti Ìgèdè Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ṣàn wá. Wíwa wúrà ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi náà di pupa bí ẹrẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì ti wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ní 2022, bí ọdún Ọ̀ṣun ṣe ń sún mọ́lé, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ pé kí àwọn olùjọ́sìn má mu omi náà. Omi tí àwọn ìyá wa ń bu fún àgàn, omi tí Yèyé fi ń fọ idẹ kó tó wẹ ọmọ! Nígbà tí mo gbọ́ ìkìlọ̀ yẹn, ó dùn mí dénú egungun. Mi ò ní í tàn yín: owó ẹgbẹ́ wa kò lè dá awakùsà dúró. Ó lè san owó àyẹ̀wò omi léraléra, ká sì mú èsì rẹ̀ lọ sí ààfin Àtáọ́jà àti sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé ohun tí à ń wí kò fìdí múlẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ fi owó náà ṣe nìyí. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yóò lọ sórí òpó àti òrùlé, kí òjò ọdún tó ń bọ̀ má bàa bá wọn bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni dídí ojú ibi tí sìmẹ́ǹtì ti sán. Ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ló gbọ́dọ̀ ṣe é, nítorí bíríkìlà tí kò mọ ère yóò kàn rẹ́ ojú iwin pa bí ẹni rẹ́ ògiri. Àwọn àgbà oníṣẹ́ ọnà tó bá Àdùnní ṣiṣẹ́ kò pọ̀ mọ́, àwọn mìíràn ti lọ. A fẹ́ máa san owó oṣù fún àwọn ọ̀dọ́ ìlú tí yóò máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó kù. Bó bá jẹ́ èmi nìkan ni mo ni ìpinnu, ibẹ̀ ni ǹ bá kó ìdajì owó sí, torí bí ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ náà bá tán, kò sí iye tí a dá tó lè rà á padà. Gbogbo iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú àṣẹ àjọ ìjọba tó ń bójú tó igbó náà ni, àti ìmọ̀ràn àwọn olórìṣà. A kò ní í fọwọ́ kan nǹkan kan láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí i.

Àwọn kan ti ń bi mí pé ṣé UNESCO kì í fún wọn lówó ni. Orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé ogún àgbáyé kì í bí owó oṣù. Ìlú àti orílẹ̀-èdè tó ni ogún ló jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn yóò tọ́jú rẹ̀. Ìjọba ní ojúṣe tirẹ̀, a ò sì ní í yé rán wọn létí. Ṣùgbọ́n ikán kò ní í dúró de ìwé ìṣirò owó wọn.

Ẹ̀yin ará mi Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì tí ẹ ń sọ pé ẹ̀sìn yín kò gbà á, mo gbọ́ yín, mi ò sì fojú kéré ohun tí ẹ gbà gbọ́. Mùsùlùmí ni èmi náà tí mò ń kọ ìwé yìí, Jímọ́ọ̀ kì í fò mí. Ẹgbẹ́ kò ní kí ẹnikẹ́ni bọ Ọ̀ṣun. Bàbá ńlá tèmi àti tìrẹ ló ṣe àdéhùn pé a ó tọ́jú igbó yẹn, a sì ń jẹ nínú àdéhùn náà lójoojúmọ́. Nígbà tó bá di oṣù kẹjọ, tí Arugbá bá gbé igbá jáde, tí àwọn ará Bùràsíìlì àti Kúbà tí àwọn baba ńlá tiwọn gbé orúkọ Ọ̀ṣun kọjá òkun bá dé, ta ni hòtẹ́ẹ̀lì wọn ń kún fún? Ta ló ń ta àdìrẹ fún wọn, ta ló ń fi ọkọ̀ gbé wọn? Mùsùlùmí wà níbẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì wà níbẹ̀, olórìṣà wà níbẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ lórí ojúbọ lè kọ ọ́ sí ìwé owó rẹ̀ pé owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ tàbí ti àyẹ̀wò omi ni òun san, a ó sì fi ṣe ohun tó sọ gẹ́lẹ́.

Nípa iye: ìpàdé fẹnu kò sí ₦10,000 fún ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ń ṣiṣẹ́, ₦3,000 fún ẹni tí iṣẹ́ kò bá tíì rọ̀ lọ́rùn, àti 50 pọ́n-ùn tàbí dọ́là fún àwọn ará òkè òkun. A lè san án lẹ́ẹ̀mejì. A kò bu iye kankan lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ohun tí wọ́n bá mú wá, a ó fi tayọ̀tayọ̀ gbà á. Ẹ̀yin ọlọ́rọ̀ àárín wa, ẹ mọ ara yín. Òpó kan ní òrùlé kan, ẹbí kan tàbí àwọn ọmọ kíláàsì kan lè jọ gbé e. Ọwọ́ akápò nìkan ni ká sanwó sí, inú àpò owó ẹgbẹ́ tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ gba rìsíìtì. Ẹ má fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá pè yín lórí fóònù pé àwa la rán òun. Lóṣooṣù ni a ó máa ka orúkọ àwọn tó ti san ní ìpàdé, a ó sì fi àwòrán iṣẹ́ sí orí Wáàsápù ẹgbẹ́: bí nǹkan ṣe rí kí a tó bẹ̀rẹ̀, àti bó ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, a ó ṣa ọ̀rá àti ike kúrò ní etí odò ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù keje. Agogo méje àárọ̀ ni ká pàdé lẹ́nu ọ̀nà igbó. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ mú àpò dání, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn olórìṣà kọ́kọ́ wọlé kí ilé ká tó tẹ̀ lé wọn. Ẹ má fún àwọn ọ̀bọ ní oúnjẹ.

Ohun kan tún kù tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Àwọn oníṣẹ́ ní ó ṣòro láti mọ bí àwọn ère kan ṣe rí kí wọ́n tó fọ́. Ẹ bá wa tú àpótí àwọn òbí yín. Ẹni tó bá rí fọ́tò àtijọ́ tí wọ́n yà nínú igbó náà, yálà lọ́jọ́ ọdún ni o, yálà wọ́n dúró tira wọn níwájú ère ni o, kó mú un wá fún akọ̀wé. A ó ya ẹ̀dà rẹ̀, a ó sì dá a padà láìní àléébù.

Akọ̀wé ẹgbẹ́, lórúkọ gbogbo ìgbìmọ̀